Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n nà ní Abidjan, kí ló dé tí apá bùbá fi kúrú ní Arákàlé?

Aránṣọ_Arákàlé
Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kejì 2024, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí yóò ná mi lówó.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Arákàlé níhìn-ín ní Àkúrẹ́, ó sì ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Láàárọ̀ yìí, mo tẹ́ aṣọ oníbàárà mi kan sórí tábìlì, gínnì aláwọ̀ ewé tí ó ń dán, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i, mo mú àlùmọ́gàjí, mo sì gé apá bùbá rẹ̀ méjèèjì. Ínǹṣì mẹ́rìnlélógún ni mo kọ sínú ìwé ìwọ̀n. Ogún ni mo gé. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó wo téèpù, ó wo ìwé, ó wò mí, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ń retí àlejò.

N kò mutí, ara mi sì le. Ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́rin àṣekágbá alẹ́ àná ni ó wà lójú mi bí mo ṣe ń gé aṣọ náà: Adingra gbá bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́, Haller na ẹsẹ̀ gbọọrọ síwájú ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ, bọ́ọ̀lù sì kọjá lára Nwabali, aṣọ́lé Nàìjíríà, wọ àwọ̀n. Báyìí ni Côte d'Ivoire ṣe fi ayò méjì sí ẹyọ kan gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́ wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti na Côte d'Ivoire yìí kan náà ní ayò kan sí òdo ní ìpele àkọ́kọ́.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé n kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ náà, wọn kò sì mọ̀ mí. N kò ta tẹ́tẹ́ rí. Síbẹ̀ n kò lè gbé òkèlè mì lálẹ́ àná. Èbà tí ìyàwó mi tẹ̀ wà lórí tábìlì di àárọ̀, ó ti gan. Kí ni ó so èmi aránṣọ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Abidjan?


N_Kò_Wo_Bọ́ọ̀lù
Ọjọ́ Ajé, 11:52 àárọ̀

Ọ̀gá Aránṣọ, ẹ má bínú sí mi. Àwọn tí ẹ ń tìtorí wọn ṣọ̀fọ̀ yìí yóò wọ ọkọ̀ òfurufú padà sí Yúróòpù láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, owó iṣẹ́ wọn kò sì ní dín kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò gba nǹkan kan níbẹ̀ ni ẹ ń gé aṣọ aláṣọ. Ẹ ń sunkún ju ọlọ́fọ̀ lọ ni. Mo rò pé àìrí nǹkan gidi dì mú nílùú yìí ló ń ṣe gbogbo yín: iná kò sí, epo wọ́n, owó kò níye, nítorí náà ẹ wá gbé gbogbo ìrètí lé orí bọ́ọ̀lù.


Àgbà_Òkè_Àró
Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ọmọ mi tí kò wo bọ́ọ̀lù, ìbéèrè ọkùnrin yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe, nítorí iṣẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀ nígbà tí ó gé aṣọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Alẹ́ ọjọ́ 31 Oṣù Keje 1996 ni. Nàìjíríà ń bá Brazil gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Amẹ́ríkà, iná kò sì sí ní gbogbo Òkè-Àró. Rédíò kékeré kan ni mo gbé sórí pèpéle, bátìrì mẹ́rin tí mo ti sá sí oòrùn láti ọ̀sán ni mo kó sínú rẹ̀, nítorí pé n kò ní owó tuntun. Nígbà tí Brazil jẹ ẹ̀kẹta, tí àwa sì ní ẹyọ kan péré tí ọmọ wọn fúnra rẹ̀ gbá sínú ilé wọn, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí dìde lọ sùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku èmi àti bàbá kan tí ilé wa jọ pín ògiri. Ó ti lé ní ọdún kan tí àwa méjèèjì kò ti kí ara wa nítorí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ó dúró sí tirẹ̀, mo jókòó sí tèmi, rédíò wà láàárín. Ikpeba jẹ ọ̀kan. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, Kanu jẹ òmíràn, ó di mẹ́ta sí mẹ́ta. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ayò nínú àfikún àsìkò ló borí, eré sì parí lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àfikún náà tí Kanu tún fi jẹ ẹ.

N kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fò nínú wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo bá ara mi lọ́rùn bàbá náà, ó ń pe orúkọ bàbá mi, èmi náà ń pe orúkọ ìyá rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti lọ sùn sì ń tú jáde pẹ̀lú ìkòkò àti ṣíbí. Lọ́jọ́ kejì, ó kí mi láàárọ̀. Lọ́jọ́ 3 Oṣù Kẹjọ tí Amunike jẹ ayò tí ó fi wúrà lé wa lọ́wọ́ níwájú Argentina, ilé rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Nítorí náà, Ọ̀gá Aránṣọ, kì í ṣe Abidjan ni a so yín mọ́. Ẹ wo ẹni tí ẹ jókòó tì.


N_Kò_Wo_Bọ́ọ̀lù
Ọjọ́ Ajé, 1:31 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun. Gọ́tà náà ńkọ́?


Àgbà_Òkè_Àró
Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń rùn. Bọ́ọ̀lù kì í ko gọ́tà.


Olùkọ́_Ìhùwàsí
Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ọ̀rọ̀ yìí sì bọ́ sí ibi tí mo fẹ́ràn. Àmọ́ kí n tó sọ ti ìwé, mo fẹ́ kí Ọ̀gá Aránṣọ padà ka ohun tí wọ́n kọ láàárọ̀. Wọ́n ní Côte d'Ivoire gba ife-ẹ̀yẹ "mọ́ wọn lọ́wọ́", wọ́n tún ní "wọ́n ti na" Côte d'Ivoire tẹ́lẹ̀. Ta ni "wọn"? Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn lọ́jọ́rú tó kọjá, tí Nàìjíríà fi pẹ́nárítì lé Gúúsù Áfíríkà jáde?

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Robert Cialdini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1976. Wọ́n lọ sí yunifásítì méje, wọ́n sì ń ka iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wọ aṣọ tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí ikọ̀ wọn bá borí ní òpin ọ̀sẹ̀, aṣọ náà a pọ̀ lọ́rùn àwọn ènìyàn ju ìgbà tí wọ́n bá pàdánù lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi tẹlifóònù béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣe lọ. Ẹni tí ń ròyìn ìṣẹ́gun a máa sọ pé "a" borí. Bí ó bá di ti ìpàdánù, "a" yìí a máa dín lẹ́nu wọn. Ẹ̀dá a máa sún mọ́ ògo kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè tàn sí i lára, a sì máa yẹra díẹ̀ fún ìtìjú kí ó má ba à ta sí i láṣọ.


Aránṣọ_Arákàlé
Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Olùkọ́, ẹ ti mú mi. Mo padà wo ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́rú. "A ti na Gúúsù Áfíríkà o, a ti dé àṣekágbá!" ni mo kọ, mo sì fi àmì ìyanu mẹ́sàn-án sí i. Ojú tì mí díẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ti yẹra fún wọn lóòótọ́, kí ló dé tí ó ṣì ń dùn mí?


Ọmọ_Olóyèmẹkùn
Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Ìbéèrè tí aránṣọ béèrè gbẹ̀yìn yìí ni ìwádìí Olùkọ́ kò dáhùn, mo sì fẹ́ fi ti Sunshine Stars wa dáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ lọ́jọ́ Ajé nítorí ìṣẹ́gun, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa àwọn tí ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Akure Gunners dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn ni pé wọ́n wà lára mẹ́rin tí ó kù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Àwa ará Àkúrẹ́ kò tilẹ̀ rí wọn gbà lálejò nílé, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń gbá a. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti ìhín gba Oǹdó dé Orè, mo gba Orè dé Ìjẹ̀bú-Òde, eékún mi kan ìjókòó iwájú ní gbogbo ọ̀nà. Al Ahly ti Íjíbítì ni wọ́n wá pàdé wa, àwọn tí wọ́n ti gba ife yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. A jẹ ayò mẹ́ta. Àwọn náà jẹ mẹ́ta. Ọ̀mì ni. Nígbà tí a dé Cairo, wọ́n fi ayò kan ṣoṣo lé wa dànù, wọ́n sì lọ gba ife náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo kọ: a jẹ ayò mẹ́ta, a dé Cairo, wọ́n lé wa. N kò wá ọ̀rọ̀ kiri kí n tó kọ ọ́. Bí ó ṣe máa ń jáde lẹ́nu mi nìyẹn láti ọdún mẹ́wàá ó lé. Ẹni tí ń sọ "wọn" nígbà ìpàdánù, àlejò ni lágbo. Kì í ṣe èébú ni mo bú aránṣọ o. Mo kàn ń sọ pé oríṣi méjì ni wá.

Ohun kan tún kù. Ní Oṣù Kejì ọdún náà gan-an, ó lé ní àádọ́rin ènìyàn tí wọ́n kú nínú rògbòdìyàn ní pápá ìṣeré Port Said, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ alátìlẹ́yìn Al Ahly. Nígbà tí mo gbọ́ èyí lẹ́yìn tí a ti jáde tán, ìbínú mi sí wọn rọlẹ̀. Mo rò pé ẹni tí ó ti sìnkú tó báyẹn ní ìdí láti gba ife náà ju èmi tí mo wọ bọ́ọ̀sì lọ.


Pupa_Ni_Mí
Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Olóyèmẹkùn, ẹ má yọ àwa alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òkè òkun sílẹ̀. Arsenal ni tèmi. Lọ́jọ́ 23 Oṣù Kẹwàá 1999, Chelsea ti jẹ méjì, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni Kanu dá nìkan jẹ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti di pupa. Ní ọdún 2004, wọ́n gba líígì láìpàdánù ẹyọ kan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìdínlógójì, ọdún náà gan-an ni Kanu sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí West Brom. Kanu lọ, àwa kò lọ. Ó di ogún ọdún báyìí tí a kò tíì gba líígì náà mọ́. A wà níbẹ̀ bí aya tí ọkọ rẹ̀ ti kú tí ó ṣì ń gbálẹ̀ àgbàlá àna rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, irú ògo wo ni à ń sún mọ́ níbẹ̀?


Ọmọ_Ẹkìmọ̀gún
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kejì, 6:35 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Láti Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé, obìnrin sì ni mí. Mo rí i pé gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dá sí i ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ni oúnjẹ máa ń kọ̀ lọ́nà ọ̀fun nítorí bọ́ọ̀lù.

Ogún bàbá mi ni tèmi. Akọ̀wé kékeré ni bàbá mi ní ìgbà Western State, Shooting Stars ti Ìbàdàn sì ni ẹgbẹ́ wọn, nítorí pé nígbà náà, ti gbogbo wa ni, ti Ẹkìmọ̀gún bí ti Olúyọ̀lé. Nígbà tí ó di ọjọ́ 3 Oṣù Kejì 1976, ìjọba gé Western State sí mẹ́ta, ó di Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Wọ́n kó fáìlì bàbá mi wá sí Àkúrẹ́. Wọ́n kó tábìlì wọn. Àmọ́ ní ìparí ọdún náà gan-an, Shooting Stars bá Tonnerre ti Yaoundé pàdé ní àṣekágbá ife àwọn tó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n jẹ mẹ́rin sí ẹyọ kan nílé, wọ́n pàdánù ẹyọ kan péré lẹ́yìn odi, wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyá mi sọ pé bàbá mi jó yípo ilé títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ wọn. Aládùúgbò kan ní, "Ẹ̀yin kì í ṣe ará Ọ̀yọ́ mọ́, kí ni tiyín níbẹ̀?" Bàbá mi dáhùn pé, "Ìwé ni wọ́n gé, wọn kò gé mi."

Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn náà kò mọ Western State. Síbẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀gbẹ́ àga bàbá mi ni mo máa ń jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, iṣẹ́ mi sì ni láti di eriali rédíò mú kí ohùn má ba à ya. Bí mo bá gbé ọwọ́ díẹ̀, ohùn a lọ, bàbá mi a sì fọwọ́ kàn mí léjìká jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n ti kú báyìí. Bí Shooting Stars bá pàdánù lónìí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń dùn mí. Bí wọ́n bá sì borí, mo máa ń fẹ́ sọ fún ẹnì kan, n kì í sì í rí i.

Nítorí náà, Pupa_Ni_Mí, àpèjúwe opó tí ẹ lò dára. Àmọ́ kì í ṣe àna ni opó ń tọ́jú àgbàlá fún. Àwọn ọmọ tí ó bí síbẹ̀ ni.


Ìyá_Ìbejì_Nọ́ọ̀sì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ti ara, nítorí pé ti ọkàn nìkan ni gbogbo yín ń sọ.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́rú náà. Ẹ rántí bí ó ṣe rí: a ní ẹyọ kan, ó kù díẹ̀ kí eré parí, Osimhen gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, gbogbo ọgbà hó. Kò pẹ́ ni rẹfirí lọ wo ẹ̀rọ, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀ ní òdìkejì pápá kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ Osimhen, ó sì fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹ́nárítì. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ méjì sí òdo di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ọkàn ẹ̀dá kò mọ bí a ti ń gba ayọ̀ àti ìbànújẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bàbá kan tí a dá dúró nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbọ́ ọ láti inú fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo gba fóònù náà. Lọ́jọ́ kejì ni ìròyìn jáde pé àwọn ènìyàn kan kú káàkiri Nàìjíríà nídìí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Nígbà tí Jámánì gba àlejò ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 2006, àwọn oníṣègùn ka iye ènìyàn tí ọkàn dà láàmú ní agbègbè Munich. Lọ́jọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, iye náà jẹ́ ìlọ́po 2.66 ti ọjọ́ mìíràn, àwọn tí wọ́n ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀ ni ó sì mú jù. Àwọn mìíràn gba itọ́ ẹnu àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wo àṣekágbá ọdún 1994, nígbà tí Brazil fi pẹ́nárítì na Italy. Testosterone, ohun tí ń ru ìgboyà ọkùnrin sókè nínú ẹ̀jẹ̀, lọ sókè lára àwọn alátìlẹ́yìn Brazil, ó sì lọ sílẹ̀ lára ti Italy. Orí àga ni gbogbo wọn jókòó sí o, kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú wọn. Ọ̀gá Aránṣọ, ara yín ló gbà pé ẹ̀yin ni wọ́n nà. Ẹ má gbé àlùmọ́gàjí láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa lọ aṣọ.

Ti Haller tí ẹ ń bínú sí, ní Oṣù Keje ọdún 2022 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní jẹjẹrẹ nínú kórópọ̀n. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fún un ní oògùn líle. Èmi tí mo mọ ohun tí oògùn náà máa ń ṣe fún ènìyàn, n kò lè ṣẹ́ ẹ lépè.


N_Kò_Wo_Bọ́ọ̀lù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:00 ọ̀sán

Gbogbo èyí dára, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ bàbá arábìnrin Oǹdó yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń rí níwájú ilé tẹ́tẹ́ lọ́nà Ọba Adéṣidà kì í ṣe ọmọ tí ó di eriali mú. Ẹgbẹ́ ogún tí wọn kò lè pe orúkọ aṣọ́lé wọn ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹkún tí wọ́n ń sun, ẹkún owó ni.


Pupa_Ni_Mí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:18 ọ̀sán

Òtítọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n a tètè máa ń dá wọn mọ̀. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti gé a dìde kúrò ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n. Àwa a jókòó títí wọn yóò fi pa ẹ̀rọ.


Olùkọ́_Ìhùwàsí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà pé Ọmọ_Olóyèmẹkùn fi Sunshine Stars fọ́ ìwádìí mi lójú kan. Ó yẹ kí n sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé náà mọ ìyàtọ̀ yìí: bí ẹgbẹ́ kan bá ti wọnú ohun tí ènìyàn fi ń pe ara rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára láti yẹra fún un nígbà ìtìjú ṣe máa ń dín kù. Ẹni tí ó ní ọ̀nà àbáyọ ni ó ń sọ "wọn".

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a fi kún un ni pé ìfẹ́ yìí a máa yí ojú padà. Ní ọdún 1951, yunifásítì Princeton àti Dartmouth gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, eré náà le dé ibi tí imú ọmọ Princeton kan fi ṣẹ́, tí ẹsẹ̀ ọmọ Dartmouth kan sì ṣẹ́. Hastorf àti Cantril fi fíìmù kan ṣoṣo han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ Princeton kà sí Dartmouth lọ́rùn ju ìlọ́po méjì èyí tí àwọn ọmọ Dartmouth rí lọ. Fíìmù kan náà ni o.

Òní gan-an ni ó pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí Kamẹrúùnù fi pẹ́nárítì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Surulere, lọ́jọ́ 13 Oṣù Kejì 2000. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba ba irin òkè, ó sì balẹ̀. Rẹfirí ní kò wọlé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí ojú ẹ̀dá ṣe ń tàn án jẹ, mo sì mọ gbogbo ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà wọlé.


Àgbà_Òkè_Àró
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́

Ó wọlé.


Ọmọ_Ẹkìmọ̀gún
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:53 alẹ́

Ó wọlé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.


Aránṣọ_Arákàlé
Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kejì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n padà wá sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, nítorí ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀.

Mo lọ sí Ọjà Ọba, mo sì wá gínnì aláwọ̀ kan náà títí tí ó fi sú mi. Èyí tí mo rí ṣú díẹ̀ jù ú lọ. Mo gé ínǹṣì márùn-ún nínú rẹ̀, mo fi ínǹṣì kan rán, mo so ó mọ́ ẹnu apá méjèèjì, mo wá ní kí oníṣẹ́ ọnà kan fi òwú aláwọ̀ wúrà ya ilà mẹ́ta yípo ojú ìsopọ̀ náà, kí ó lè dà bí ẹni pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó òwú àti ti oníṣẹ́ ọnà ti jẹ èrè mi tán.

Oníbàárà náà dé ní ọ̀sán yìí. Àgbàlagbà ni, ẹni tí ń rojọ́ lórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Ó jókòó, ó gba omi, kò tilẹ̀ wo aṣọ náà tí mo fi kọ́ sórí ògiri. Ó mi orí, ó ní, "Aránṣọ, ṣé o rí ohun tí wọ́n fi ojú wa rí ní Abidjan? Wọ́n nà wá. Wọ́n nà wá bí ọmọ ìkókó. A ti ní ẹyọ kan, kí ló dé tí a padà sẹ́yìn?" Mo ní, "Bàbá, a bẹ̀rù ni." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó béèrè ibi tí mo jókòó sí nígbà tí Haller na ẹsẹ̀. Mo sọ fún un. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ hàn mí bí ó ṣe yẹ kí ẹni tí ń ṣọ́ ọ ti dúró, ó fi tábìlì ìgéṣọ mi ṣe ilé, ó fi ọmọ iṣẹ́ mi ṣe Haller.

Ó ti wọ bùbá náà wò kí ó tó lọ. Ó na apá, ó wo òwú wúrà, ó ní ó dára, ó ní irú rẹ̀ ni kí n ṣe sí èyí tí òun yóò tún kó wá. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà nínú owó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, èmi àti òun sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti yà sọ́nà Ọba Adéṣidà ni ọmọ iṣẹ́ mi rán mi létí.